Omi Kì í Ṣe Ojúsàájú

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ń ṣe àjọ̀dún, ó di dandan kí a ka iye ilé tí a ti kọ́, iye ọmọ tí ó ti jáde, àti iye ènìyàn pàtàkì tí ó ti inú wọn yọ. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Àwa náà bá gbogbo ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó dá ilé yìí sí, a sì kí àwọn olùkọ́ tí wọ́n ru ẹrù rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n a bẹ̀bẹ̀ kí ẹ fún wa láyè nínú ìwé àjọ̀dún yìí láti sọ̀rọ̀ lórí ohun kékeré kan tí kò gùn ju apá àgbàlagbà lọ. Páìpù omi ni. Ó wà lórí tábìlì ní yàrá ìgbàlejò wa, ó sì ti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan tí a kò rí kọ́ ní gbogbo ọdún tí a fi jókòó ní kíláàsì.

Tọkọtaya ni àwa tí a kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni àwa méjèèjì. Nínú ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ mọ ara wa, ọmọ wa ọkùnrin sì wà níbẹ̀ báyìí. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ni a ń sọ̀rọ̀, bí òbí ni a sì ń sọ ọ́ pẹ̀lú. Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ: kí a dá iṣẹ́ ọwọ́ padà sí ọwọ́ àwọn ọmọ wa, ní ilé àti ní ilé-ẹ̀kọ́, kí a sì dẹ́kun bíbá wọn ṣe é.

Gbogbo òbí ni ó mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí. Nígbà tí sáà bá ń parí lọ, ọmọ yóò dé láti ilé-ẹ̀kọ́ ní ìrọ̀lẹ́, yóò ní, “Olùkọ́ wa ní kí a mú iṣẹ́ ọwọ́ wá lọ́la.” Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá ti ra ìgbálẹ̀ lọ́jà, tàbí kí bàbá ti bá káfíńtà àdúgbò sọ̀rọ̀ kí ó bá òun kan àpótí ìjókòó kékeré kan. Ọmọ yóò gbé e lọ, olùkọ́ yóò gbà á, yóò sì fún un ní máàkì. Olùkọ́ mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ náà ni ó ṣe é. Òbí mọ̀. Ọmọ náà ni ó mọ̀ jù. Àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún àkọ́bí wa ní ọdún mẹ́ta léraléra, a kò sì rò ó pé a dẹ́ṣẹ̀ kankan. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ náà kọ́? Ó kọ́ pé a lè fi ohun tí a rà pe ohun tí a ṣe. Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wá dàgbà, tí ó ń wá ẹni tí yóò bá òun kọ ìdánwò, níbo ni a rò pé ó ti kọ́ ọ? Àwa ni a kọ́kọ́ kọ́ ọ, ìgbálẹ̀ ni a sì fi kọ́ ọ.

Ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ tí ó kọjá, ọmọ wa kejì, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 14, wá sọ fún wa pé òun fẹ́ ṣe ọkọ̀ abẹ́ omi. Ẹ̀rín ni a fi dá a lóhùn. Ọkọ̀ tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ kì í ṣe àwọn ọkọ̀ ńláńlá ayé òde òní. Ọkọ̀ àtijọ́ kan ni, olùkọ́ sì ni ẹni tí ó ṣe é. John Philip Holland ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Ireland ni, a bí i ní ọdún 1841, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn arákùnrin onígbàgbọ́ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn tí ó ti ṣe olùkọ́ ní oríṣiríṣi ìlú ní Ireland, ó kọjá sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1873, ó sì tún gba iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ kan ní ìlú Paterson. Iṣẹ́ yìí ni ó ń ṣe nígbà tí ó fi àwòrán ọkọ̀ abẹ́ omi rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì dá a padà fún un.

Olùkọ́ yìí kò jókòó kí ó máa ráhùn. Ó ṣe àpẹẹrẹ kékeré ọkọ̀ náà, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ínṣì 30 péré, ó sì gbé e lọ sí etí òkun ní Coney Island kí àwọn ènìyàn lè fi ojú ara wọn rí i. Láti ara ohun ìṣeré yẹn ni ó ti rí àwọn tí yóò fi owó ràn án lọ́wọ́. Ní ọdún 1878, ó gbé ọkọ̀ gidi àkọ́kọ́, tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 14, sínú odò Passaic. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ náà gan-an, ó rì. Wọ́n fà á jáde, wọ́n tún un ṣe, ó sì ṣiṣẹ́. Ọdún 1897 ni ó tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ kẹfà sínú omi. Ní ọdún 1900, àwọn ológun ojú omi tí wọ́n ti kọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀ ra ọkọ̀ náà ní 150,000 dọ́là, wọ́n sì fi orúkọ Holland pè é. A kò gbàgbé pé ohun ìjà ni wọ́n fi ọkọ̀ náà ṣe, kò sì sí Kristẹni tí ó yẹ kí ó yọ̀ sí ìyẹn. Ohun tí a ń tọ́ka sí ni sùúrù olùkọ́ kan, tí ó fi nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ronú lórí ohun kan ṣoṣo, tí ó sì fi ohun kékeré bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ tí a rà ní 1900 yìí ni ọmọ wa fẹ́ ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Àwọn irin-iṣẹ́ tí ó ní kò ju ìwọ̀nba lọ: ayùn irin kan tí eyín rẹ̀ ti ń tán, ọ̀bẹ ìdáná tí ìyá rẹ̀ ti pa tì, rúlà, kóńpáàsì tí ó fi ń ṣe ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́, ìṣó mélòó kan àti sáńpépà. Kò sí ẹ̀rọ kankan nínú wọn. Gọ́ọ̀mù àti bátìrì nìkan ni ó fi owó rà.

Ọkọ̀ Holland gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 53 àti ínṣì 10. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 àti ínṣì 3. Ọmọ náà sọ gbogbo rẹ̀ di ínṣì, ó pín in sí ọ̀nà 30. Gígùn di ínṣì 21 àti ààbọ̀; fífẹ̀ di ínṣì 4 àti díẹ̀. Níbẹ̀ ni inú rẹ̀ ti dùn, nítorí páìpù oní-ínṣì 4 tí àwọn púlọ́ńbà fi ń gbé omi ilé ìwẹ̀ lọ sínú kòtò ni èyí, àjẹkù rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ilé wa. Ó wá kan ọ̀rọ̀ ìwúwo. Tọ́ọ̀nù 64 ni ọkọ̀ náà nígbà tí ó bá léfòó, ó sì jẹ́ 74 nígbà tí ó bá wọ abẹ́ omi lọ. Ó kọ́kọ́ pín ìyẹn náà sí ọ̀nà 30, ó sì rí i pé páìpù òun yóò wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì lọ! Ó tó wákàtí kan kí ó tó rí àṣìṣe rẹ̀. Gígùn nìkan ni à ń pín lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí ó ní gígùn, ìbú àti gíga, ẹ̀ẹ̀mẹta ni à ń pín in. Ọgbọ̀n lọ́nà ọgbọ̀n, lọ́nà ọgbọ̀n, jẹ́ 27,000. Tọ́ọ̀nù 74 di nǹkan bí kílò 2.8, tọ́ọ̀nù 64 sì di 2.4. Ìyàtọ̀ àárín wọn, tí kò tó ìdajì kílò, ni omi tí ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ mu kí ó tó lè rì, tí ó sì gbọ́dọ̀ pọ̀ jáde kí ó tó lè gòkè padà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Àwa méjèèjì kọ́ òfin Archimedes ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí. A há a sórí, a sì kà á bí ẹni ń ka orin Dáfídì: pé ohun tí a bá tẹ̀ sínú omi, agbára tí omi fi ń tì í sókè kò ju ìwúwo omi tí ó lé kúrò ní àyè rẹ̀ lọ. A gba máàkì lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò lò ó rí láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá sì bi wá pé kí ni ó mú ọkọ̀ irin léfòó, a ó kàn máa wí àwíjàre ni. Ọmọ yìí gbé garawa tí omi kún dé etí sínú ọpọ́n, ó tẹ páìpù rẹ̀ rì sínú rẹ̀ ní ìlàjì kan lẹ́yìn èkejì, ó sì wọn omi tí ó ṣàn dà sínú ọpọ́n. Lítà 3.6 ni. Ó ju iye tí ìṣirò rẹ̀ sọ lọ, nítorí pé páìpù gún régé, ọkọ̀ Holland sì tẹ́ẹ́rẹ́ níwájú àti lẹ́yìn. Ó gbé páìpù náà lọ sórí òṣùwọ̀n ìyá tí ń ta ẹja dídì ní ìkóríta wa: kílò 1.4 péré. Ìgbà yẹn ni ó tó yé e, tí ó sì yé àwa náà, pé ìṣòro ẹni tí ń ṣe ọkọ̀ abẹ́ omi kì í ṣe bí kò ṣe ní rì. Bí yóò ti rì gan-an ni iṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ fi ẹrù kún un títí yóò fi kù díẹ̀ kí ó rì, kí omi díẹ̀ tí ó bá mu lè parí rẹ̀.

Ó lọ tọrọ àwọn nọ́ọ̀tì àti irin jákujàku lọ́wọ́ mẹkáníìkì, ó tò wọ́n sí ìsàlẹ̀ páìpù, kì í ṣe sí òkè, nítorí ọkọ̀ tí orí rẹ̀ bá wúwo ju ìdí rẹ̀ lọ yóò dojú dé. Ó fi irin kún un títí ó fi di kílò 3.2. Ó fi ike omi mímu kan sí àárín, ó lu ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi lè wọlé, ó sì so rọ́bà tín-ín-rín mọ́ òkè rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde sí etí omi. Bí ó bá ṣí ẹnu rọ́bà náà, omi yóò wọlé, ọkọ̀ yóò rì. Bí ó bá fẹ́ atẹ́gùn sí i, omi yóò jáde, ọkọ̀ yóò gòkè. Ó yọ ẹ̀rọ kékeré inú rédíò kásẹ́ẹ̀tì tí ó ti bàjẹ́, ó fi sípóòkù kẹ̀kẹ́ ṣe ọ̀pá rẹ̀, ó sì gba ọ̀pá náà kọjá nínú ìhò bíírò tí ó fi gíríìsì kún kí omi má baà gbà á wọlé. Ìdérí agolo wàrà ni ó gé ṣe abẹ̀bẹ̀ ìdí ọkọ̀. Omi gbígbóná ni ó fi rọ orí páìpù kí ó tó lè pa á pọ̀, kì í ṣe iná, nítorí èéfín páìpù tí ó ń jóná kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó pe gbogbo ilé jáde sí ìdí àgbá omi. Ó gbé ọkọ̀ náà lé omi, ó léfòó dáadáa. Ó ṣí ẹnu rọ́bà, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí wọ abẹ́ omi lọ. A pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó lọ, ó lọ, kò dúró, ó fi imú gúnlẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àgbá, ìfófòó omi sì ń jáde láti iwájú rẹ̀. Ó fẹ́ atẹ́gùn títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi dùn ún. Ọkọ̀ kò dáhùn. Nígbà tí a fi ìkọ́ fà á jáde, omi ti kún inú rẹ̀ bámúbámú, bátìrì ti bàjẹ́, gíríìsì sì ti tàn ká ojú omi tí a fi owó rà lọ́wọ́ oníkẹ̀kẹ́ omi ní àárọ̀ ọjọ́ náà.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan nínú wa pariwo lé ọmọ náà lórí níwájú àwọn àbúrò rẹ̀. Ó ní kí ó lọ ka ìwé rẹ̀, pé yunifásítì kan kò ní tìtorí páìpù gbà á wọlé. Èkejì kò sọ nǹkan kan. Ìdákẹ́ yẹn náà kì í ṣe ohun tí a lè fi yangàn. Ọmọ náà ní, “Ẹ má bínú, sà,” ó fọ àgbá, ó gbé páìpù rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò fọwọ́ kan ohunkóhun. Ó ń ka ìwé bí a ti wí, àwa sì rò pé a ti borí. Bẹ́ẹ̀ ni òbí máa ń rò nígbà tí ilé bá pa rọ́rọ́.

Ìwé àjákọ kan ni a rí lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ nígbà tí a ń gbálẹ̀. Ó ti fa ìlà sí i ní apá mẹ́ta: ọjọ́, ohun tí mo rò, ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Gbogbo ohun tí ó wọ̀n ni ó wà níbẹ̀, títí kan tọ́ọ̀nù méjì tí ó fi ṣàṣìṣe. Kò pa á rẹ́. Ní ọjọ́ Sátidé náà, lẹ́yìn tí a ti bá a wí, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun rò pé gọ́ọ̀mù iwájú ti gbẹ, kò sì tíì gbẹ. Pé òun kánjú nítorí ó wu òun kí àwọn òbí òun rí i kí ìsinmi tó parí.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ rántí ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tí àwa kọ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ta ni kò mọ bí a ti ń ṣe é? Bí ohun tí a wọ̀n kò bá bá ti inú ìwé mu, a ó yí i padà kí ó lè bá a mu. A ó fa ìlà tí ó gún kí a tó wá àwọn ẹ̀ka tí yóò bọ́ sórí rẹ̀. Ọmọ yìí kọ òtítọ́ sílẹ̀ níbi tí kò sí olùkọ́ tí yóò fún un ní máàkì. Kí ni ó fà á? Omi ni. Omi kì í ṣe ojúsàájú. Kò mọ ọmọ ta ni, kò gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, a kò lè ra èsì ìdánwò rẹ̀ lóru. Bí ihò bá wà, yóò wọlé. Bí kò bá sí, kò ní wọlé. Ọmọ tí ó bá ti bá irú olùdánwò bẹ́ẹ̀ pàdé lẹ́ẹ̀kan yóò mọ ìyàtọ̀ àárín ohun tí ó rí àti ohun tí ó fẹ́ kí ó rí. Ṣé kì í ṣe ohun tí a ń gbàdúrà fún ní ṣápẹ́ẹ̀lì ní àràárọ̀ nìyẹn?

A pe ọmọ náà, a sì bẹ̀ ẹ́. Kò rọrùn. Àwa Yorùbá kì í sábà bẹ ọmọdé, a sì mọ̀ pé àwọn mìíràn nínú yín yóò rò pé a ti bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ fún àwọn bàbá kí wọ́n má ṣe mú àwọn ọmọ wọn bínú, ìkìlọ̀ náà sì wà nínú orí kan náà tí a máa ń kà sí wọn létí pé kí wọ́n gbọ́ràn sí òbí lẹ́nu.

Ó tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó lọ jókòó ti fọganáísà tí ó wà ní ìkóríta, ó sì wo bí ó ti ń wá ibi tí tíúbù ti jò. Ó padà wálé, ó fẹ́ atẹ́gùn sínú páìpù rẹ̀, ó tì í sínú ọpọ́n omi, ó sì fi ẹfun sàmì sí ibi tí ìfófòó ti ń jáde. Ihò mẹ́ta ni, kì í ṣe ọ̀kan. Ó gé tíúbù kẹ̀kẹ́ ṣe òrùka sí àárín ọkọ̀ àti ìdérí iwájú, ó dì í le, ó sì dúró ọjọ́ méjì kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ. Nígbà tí a tún péjọ sí ìdí àgbá, ọkọ̀ náà wọ abẹ́ omi lọ, ó fi ọwọ́ dí ẹnu rọ́bà, ọkọ̀ sì dúró ní ìwọ̀n ìka márùn-ún sí ojú omi, bí ẹja tí ó ń ronú. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó gòkè. A kò pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹnu yà wá ni. Èlíṣà ni a rántí, àti irin àáké tí ó léfòó lórí omi Jọ́dánì. Iṣẹ́ ìyanu ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kan náà ni ó dá òfin tí ó ń gbé irin léfòó lójoojúmọ́, Ó sì fi í sílẹ̀ kí ọmọ ọdún 14 lè fi garawa wá a rí.

A kò ní parọ́ fún yín pé ọkọ̀ náà ti pé. Títí di òní, bí omi inú ike bá dé ìdajì, a máa sáré lọ síwájú, imú ọkọ̀ a sì tẹ̀ sísàlẹ̀. Bí a bá sì gbé e lọ sí òkun, yóò tún nílò ẹrù sí i, nítorí omi iyọ̀ wúwo ju omi kànga lọ ní nǹkan bí ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ti kọ àwọn méjèèjì sínú ìwé rẹ̀, ní apá ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

A mọ ohun tí àwọn òbí yóò sọ. Èkíní, wọn yóò ní ìdánwò ni ó ṣe pàtàkì. A gbà bẹ́ẹ̀. Àwa náà ń sanwó ìdánwò. Ṣùgbọ́n ìdánwò fisíìsì tí àjọ WAEC ń ṣe fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní apá tí a ń fi ọwọ́ ṣe, ọmọ tí ó bá sì rí irin-iṣẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò ti pẹ́ dé ọjà. Èkejì, wọn yóò ní kò sí owó. Ohun tí ó wà nínú ọkọ̀ yìí, ààtàn ni ó ti wá. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó wúwo jù: ewu. Ọ̀bẹ ń gé ènìyàn, omi sì ń pa ọmọ. Nítorí náà ni a ṣe gbé òfin kalẹ̀ ní ilé wa: kò gbọ́dọ̀ dán ọkọ̀ rẹ̀ wò ní odò tàbí ní etí kànga, kò gbọ́dọ̀ fi iná mànàmáná ilé sí ohunkóhun tí yóò kan omi, bátìrì kékeré nìkan ni, àgbàlagbà gbọ́dọ̀ wà nítòsí bí ó bá ń lo ayùn. Òfin mẹ́ta yìí kò náni ní kọ́bọ̀. Àkókò wa nìkan ni ó ń ná wa, ó sì lè jẹ́ pé òun gan-an ni a ń ṣahun sí nígbà tí a bá ń sọ pé ewu wà.

Ẹ jẹ́ kí a wá kan ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ìjọ tí ó mú ìwé wá sí ilẹ̀ yìí kò mú ìwé nìkan wá. Ní Abẹ́òkúta, ilé ìtẹ̀wé ni Henry Townsend fi bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn rẹ̀ ní ọdún 1859. Ọwọ́ ni a fi ń to lẹ́tà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìmọ̀ ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́ jọ wọ ilẹ̀ Yorùbá nínú ọkọ̀ kan náà ni. Nígbà tí ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1982, ìjọba gbìyànjú láti so wọ́n pọ̀ padà, a sì kó ẹ̀rọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ káàkiri. Ní ibi púpọ̀, inú àpótí ni wọ́n wà tí wọ́n fi dógùn-ún, nítorí kò sí iná, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ wọ́n ọ́n lò. Àṣìṣe wa nígbà náà ni pé a rò pé ẹ̀rọ ńlá ni ó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ayùn irin ni ó ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Yàrá iṣẹ́ ọwọ́ tí a lò nígbà tí àwa jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ṣì wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Àga tí ó ti dá ni ó kún inú rẹ̀ báyìí. A ti gbọ́ pé owó àjọ̀dún tí a ń dá yóò kọ́ ẹnu ọ̀nà tuntun tí yóò ga, tí yóò sì dán. Àwa ti san tiwa, a kò sì kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n a rọ ẹ̀yin ìgbìmọ̀ àti gbogbo ẹgbẹ́ àtijọ́ kí ẹ gé díẹ̀ nínú gíga ẹnu ọ̀nà náà, kí a fi ṣí yàrá yẹn padà. Tábìlì mẹ́fà tó, àti ayùn, òòlù, òṣùwọ̀n kan, àti àgbá omi kan. Àwọn kan wà láàrin wa tí wọ́n jẹ́ káfíńtà, púlọ́ńbà, mẹkáníìkì àti aránṣọ, tí wọn kì í wá sí ìpàdé nítorí wọ́n rò pé àwọn dókítà àti àwọn lọ́yà nìkan ni a ń kí káàbọ̀. Ẹ jẹ́ kí a pè wọ́n, kí wọ́n wá kọ́ ọmọ wa ní ọjọ́ kan láàrin ọ̀sẹ̀. Àwa olùkà ìwé ni yóò jókòó gbọ́ tiwọn lọ́tẹ̀ yìí.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, ẹ̀bẹ̀ kan péré ni a ní sí yín: ẹ má gba ìgbálẹ̀ tí a rà mọ́. Ọmọ tí ó bá mú àpótí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́ wá, tí ó sì lè sọ ìdí tí ó fi wọ́, ẹ fún un ní máàkì ju èyí tí ó gbé ti káfíńtà wá lọ. Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ wa, bí ọmọ yín bá ba àgbá omi jẹ́ ní ìsinmi tí ń bọ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ni ó ń gbìyànjú láti ṣe. Ó lè jẹ́ ìkà ni, ó sì lè jẹ́ ọkọ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni Olúwa wa kí Ó tó di olùkọ́, a kò sì kà á níbì kan pé Jósẹ́fù bá A ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Kí Ọlọ́run tí ó fi ọgbọ́n sí ọwọ́ Bẹ́sálẹ́lì fi sí ọwọ́ àwọn ọmọ wa. Kí àjọ̀dún tí ń bọ̀ bá ilé-ẹ̀kọ́ wa láyọ̀, kí ó sì bá yàrá kékeré ẹ̀yìn ilé ìdáná ní ṣíṣí. Àṣẹ.